Ìbọn mi ń ró "kẹ́", kò dún: ṣé ọta ló bàjẹ́ ni, àbí ìbọn?

Àgbẹ̀ Ẹ̀jìnrìn
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ọdẹ àti gbogbo ará ilé. Oko mi wà lẹ́yìn Ẹ̀jìnrìn, ní agbègbè Ẹ̀pẹ́, níhà ọ̀sà. Ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ni mo gbìn síbẹ̀, ọ̀yà kò sì jẹ́ kí n rímú mí. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì ni mo ní, gééjì 12, ìyẹn ìwọ̀n fífẹ̀ ọ̀pá rẹ̀. Ìwé àṣẹ rẹ̀ pé, orúkọ mi ló wà nínú rẹ̀.

Ohun tó gbé mi wá nìyí. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí ìbọn náà ti ń dá mi lóró. Nínú páálí ọta tó gba 25, mo ti yìn 10, mẹ́rin nínú rẹ̀ ni kò dún. Màá fà á, yóò ró "kẹ́", ó parí. Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọ̀yà ńlá kan dúró gbagidi nínú iná orí mi, kò ju ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 15 lọ. Mo fà á. "Kẹ́." Ó wọgbó lọ.

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni mo ra ọta náà. Inú páálí rẹ̀ ni mo fi í sí, mo gbé e sábẹ́ ibùsùn. Ẹnìkan ní kí n sá a sóòrùn. Ọ̀rẹ́ mi kan sì ní òun mọ ẹni tó lè tú wọn, tí yóò tún ẹ̀tù tuntun ki sínú wọn. N kò tíì ṣe ọ̀kankan. Kí ni kí n kọ́kọ́ wò?

Bàbá Ọdẹ Òkè Balógun
Ọmọ mi, ká tó wá ohun tó fà á, sọ òótọ́ fún mi. Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn, lẹ́yìn tó ró "kẹ́", kí lo ṣe? Ṣé ojú ẹsẹ̀ lo ṣẹ́ ìbọn náà, tí ẹ̀yìn ọ̀pá rẹ̀ fi ṣí?

Àgbẹ̀ Ẹ̀jìnrìn
Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Mo ṣẹ́ ẹ, mo yọ ọta yẹn, mo ki òmíràn. Inú ń bí mi nígbà yẹn.

Bàbá Ọdẹ Òkè Balógun
Ohun tí mo rò nìyẹn. Má tún ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé rẹ.

Ọta tó ró "kẹ́" kò tíì kú. Ó lè jẹ́ pé iná ti bọ́ sí i nínú, ó ń jó díẹ̀díẹ̀ níbi tí ojú rẹ kò tó, yóò sì bú lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Bí ó bá bú nínú ìbọn tó wà ní pípadé, irin ni yóò gbà á, ọta yóò gba ẹnu ìbọn jáde bó ṣe yẹ. Bí ó bá bú nígbà tí o ti ṣẹ́ ìbọn, kò sí irin tó ká a mọ́. Ojú rẹ àti ìka rẹ ló wà níbẹ̀.

Nítorí náà, tó bá ti ró "kẹ́", má sọ ọ́ kalẹ̀, má gbé e yí. Jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ máa kọjú sí ibi tí kò sí ènìyàn, yọ ìka kúrò níbi tí a ń fà, kí o bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá ni ó kéré jù. Èmi máa ń ka ọgọ́ta, ẹran ìbáà máa wò mí lójú. Lẹ́yìn náà, kí o ṣẹ́ ẹ pẹ̀lẹ́, kí ojú àti ọwọ́ rẹ má ṣe wà lẹ́yìn ihò rẹ̀. Sì rántí pé ẹnu kejì ṣì ní ọta nínú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń gbàgbé ẹnu kejì.

Ti ṣakabùlà tún le ju èyí lọ. Ẹ̀tù dúdú tó bá mu omi díẹ̀ lè máa kùn fún ìgbà pípẹ́. Èmi kì í súnmọ́ tirẹ̀ títí tí ìṣẹ́jú méjì yóò fi pé.

Ìyá Ẹlẹ́ran Ọjà Olúwo
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ohun tí bàbá sọ yìí. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ta ẹran ìgbẹ́, ọwọ́ ọdẹ ni mo ti ń rà á, ilé ọdẹ ni wọ́n sì gbé mi fún. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ṣakabùlà rẹ̀ kọ̀ fún un lọ́jọ́ kan lọ́nà Ìgbónlà. Ó fi ìdí rẹ̀ tilẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀, ó ní òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ wo ibi tí òkúta ti ń ṣáná. Ìbọn dún. Ìka méjì ló bá a lọ. Ìgbà tí wọ́n gbé e dé ilé, aṣọ tí wọ́n fi wé ọwọ́ rẹ̀ kò ní àwọ̀ tirẹ̀ mọ́. Ó ṣì wà láyé, ṣùgbọ́n kò lè di okùn bàtà rẹ̀ fúnra rẹ̀ títí dòní. Ọ̀yà kan kò tó bẹ́ẹ̀. Àgbàdo oko kan kò tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ìta Ọ̀pọ̀
Òótọ́ ni, mọ̀mí. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀gbọ́n wa sá ọta yẹn ná. Òtútù ló mú un. Bàbá mi àgbà máa ń gbé ẹ̀tù sórí àjà, lókè ààrò, kì í sì í kọ̀ fún un. Kó gbé e síbi tí iná ti lè máa fẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀.

Bàbá Ọdẹ Òkè Balógun
Rárá, ọmọ mi. Bàbá rẹ àgbà ń gbé ẹ̀tù lásán, nínú kèrègbè, sórí àjà, èmi kò sì bá a yìn ín pàápàá, nítorí ilé tó ti bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ jóná kò lóǹkà. Kátíríìjì, ìyẹn odidi ọta tó ń kì yìí, kì í ṣe ẹ̀tù lásán. Ẹ̀tù, ọta àti ohun tó ń ṣáná ti wà pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ti gbé ìbọn tí kò ní ọ̀pá sílé. Oòrùn náà kò dára fún un: ooru tó pọ̀ máa ń ba ẹ̀tù inú rẹ̀ jẹ́. Má ṣe sá a, má ṣe yan án, má sì fi í síwájú ọkọ̀ níbi tí oòrùn ti ń pa díńgí.

Ọ̀gá Àtúnṣe
Iṣẹ́ àtúnṣe ìbọn ni mò ń ṣe, mo sì ní ìwé àṣẹ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bi arákùnrin yìí ní ìbéèrè méjì, kí a má tíì dá ọta lẹ́jọ́.

Ìbéèrè kìíní: báwo ni ojú ìdí àwọn mẹ́rin yẹn ṣe rí? Ní àárín idẹ ìdí kátíríìjì, ojú roboto kékeré kan wà, práímà nìyẹn. Abẹ́rẹ́ ìbọn ló ń gún un tí iná fi ń ṣẹ́. Mú ọ̀kan tí kò dún, kí o gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkarahun èyí tó dún, kí o wo ojú abẹ́rẹ́ lára àwọn méjèèjì. Bí ojú abẹ́rẹ́ bá jìn dáadáa, tó wà ní àárín gbùngbùn, síbẹ̀ tí kò dún, ọta ló ní àìsàn. Bí ó bá kàn fẹ́ẹ́rẹ́, bí ìgbà tí a fi èékánná tẹ ọṣẹ, tàbí tó gún ẹ̀gbẹ́ kan, ìbọn ló ní àìsàn. Bí kò bá sí ojú abẹ́rẹ́ rárá, abẹ́rẹ́ ti ṣẹ́ tàbí ó ti há sínú ihò rẹ̀.

Ìbéèrè kejì: ẹnu wo ló ń kọ̀? Ọ̀tún ni, àbí òsì? Ìbọn ẹlẹ́nu méjì dà bí ìbọn méjì tí wọ́n so pọ̀. Abẹ́rẹ́ méjì, òòlù méjì, sípíríǹgì méjì. Tí ẹnu kan bá ń kọ̀, tí èkejì ń dún, inú páálí kan náà sì ni ọta méjèèjì ti wá, ọta ti bọ́ nínú ẹjọ́ náà nìyẹn.

Má fi ìbọn òfìfo dán an wò o, kí o máa fà á "kẹ́, kẹ́, kẹ́". Abẹ́rẹ́ àwọn ìbọn àtijọ́ máa ń tipa bẹ́ẹ̀ ṣẹ́. Ọta ẹ̀tàn tó ní rọ́bà ní ìdí wà, òun la máa ń lò.

Àgbẹ̀ Ẹ̀jìnrìn
Ọ̀gá, ẹ ṣeun. Inú okùnkùn ni mo wà báyìí, iná ti lọ. Màá wò ó láàárọ̀.

Ará Ìlárá tó wà ní Houston
Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará ilé. Ìlárá nílé ni wọ́n bí mi sí, Texas ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Gbólóhùn kan ló kàn mí jù nínú ọ̀rọ̀ àbúrò wa: ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó fẹ́ kí ẹnìkan tú ọta náà, kó sì tún un dì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ nípa dídi ọta, nítorí èmi gan-an ń ṣe é.

Òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbà kí ènìyàn di ọta tirẹ̀ fún ìlò ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdẹ àgbọ̀nrín níbí ló ń ṣe é nínú gáréèjì wọn. Ráìfù tí irú ọta rẹ̀ ń jẹ́ .308 ni èmi ń dì fún. Mo ní ẹ̀rọ ìtẹ̀, òṣùwọ̀n tó ń wọn ẹ̀tù ní gírèènì, gírèènì 7,000 ló sì wà nínú pọ́ùn kan, kí ẹ lè mọ bí ohun tí a ń wọ̀n ṣe kéré tó. Mo ní ìwé tí àwọn tó ṣe ẹ̀tù fi sílẹ̀, n kò sì kọjá ohun tó wà nínú rẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo èyí, ọta mi ti kọ̀ fún mi.

Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, mo di 20, mo gbé wọn lọ sí pápá ìyìnbọn. Mẹ́ta kò dún. Mo ka ọgọ́ta bí bàbá ti wí, mo yọ wọn. Àgbàlagbà kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní kí n fi orí ìka pa ìdí àwọn tó kù. Mo pa á, ara mi sì bù máṣọ: práímà yọ sókè lára àwọn kan, bí ìṣó tí wọn kò kàn wọlé tán.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Inú práímà dà bí ọlọ. Irin kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó dúró bí ìyá ọlọ. Abẹ́rẹ́ ìbọn ni ọmọ ọlọ. Oògùn tó ń gbiná wà láàárín méjèèjì bí ata. Bí abẹ́rẹ́ bá gbá a, a jẹ́ pé ó lọ oògùn náà mọ́ irin yẹn, iná sì ṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìyá ọlọ kò bá fẹsẹ̀ kanlẹ̀ ńkọ́? Gbogbo agbára àkọ́kọ́ yóò lọ sí títì í wálẹ̀. Kò ní dún. Ẹni tó bá tún un gbá lẹ́ẹ̀kejì yóò rí i tó dún, yóò sì máa sọ pé ọta yẹn ṣe agídí. Kì í ṣe agídí. Ìgbá àkọ́kọ́ ló bá a jókòó.

Ó yẹ kí práímà ráìfù wọlé díẹ̀ kọjá ojú ìdí ìkarahun, ní ìwọ̀n 0.003 sí 0.005 ínǹṣì. Ohun tó fà á tí tèmi kò fi wọlé ni èédú iná àtijọ́ tó kún ihò práímà. Mo ń dì í sínú ìkarahun tí mo ti yìn tẹ́lẹ̀, n kò sì ha ihò náà. Láti ìgbà yẹn, mo ń ha á, mo sì ń fi ìka pa gbogbo ìdí kí n tó kó wọn sínú páálí.

Ọdún kejì, wọ́n tún kọ̀, práímà sì wọlé dáadáa. Èyí ṣe mí ní ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó mọ̀ ọ́n. Ìkarahun .308 ní ọrùn, ó sì ní èjìká. Èjìká yẹn ló fi ń dúró nínú ihò ìbọn, kí ìdí rẹ̀ lè gbọin de abẹ́rẹ́. Mo ti ẹ̀rọ tó ń tún ìkarahun ṣe wálẹ̀ jù, èjìká sì fà sẹ́yìn ju bó ṣe yẹ. Bí abẹ́rẹ́ bá ti gbá a, ọta á sún síwájú, agbára á tán sójú ọ̀nà. Ewu kejì ni pé ìkarahun bẹ́ẹ̀ máa ń nà lẹ́bàá ìdí tó bá dún, ó sì lè ya, kí afẹ́fẹ́ gbígbóná sì gba ẹ̀yìn jáde. Báyìí, mo ń fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n, n kò sì jẹ́ kó fà sẹ́yìn ju 0.001 tàbí 0.002 ínǹṣì lọ.

Àwọn nǹkan kéékèèké mìíràn tún wà. Àwa máa ń fi kùùkù àgbàdo tí wọ́n lọ̀ kúnná fọ ìkarahun, hóró kan sì lè há sínú ojú ihò tí iná ń gbà kọjá. Òróró ọwọ́ àti epo tí a fi ń tú ìpata lè wọ inú práímà kó pa á.

Èyí tó burú jù ni ká gbàgbé ẹ̀tù. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi. Ẹni tó wà ní tábìlì kejì fà á, kò ró "kẹ́", kò sì dún bí ìbọn. Ó ró "pọ̀", bí ìgbà tí a ṣí ìgò. Práímà nìkan ló ti ọta lọ, ọta sì há sí àárín ọ̀pá. Ó ti ń ki òmíràn lọ. Mo pariwo, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. A fi ọ̀pá ìfọbọn wò ó, ó há lóòótọ́. Bó bá yin èkejì sí i lẹ́yìn ni, ọ̀pá ìbọn yẹn ì bá fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀.

Àbúrò, ọta tìrẹ kò ní èjìká, etí ìdí rẹ̀ ló fi ń dúró, nítorí náà ọ̀ràn èjìká kò kàn ọ́. Ṣùgbọ́n ìró "pọ̀" kàn ọ́. Bí ìbọn rẹ bá dún ní ìdúnkúdùún, má ki òmíràn. Tú gbogbo ọta jáde, kí o wo inú ọ̀pá láti ẹ̀yìn títí dé ẹnu kó tó di pé o tún yìn ín. Má sì jẹ́ kí ọta gééjì 20 wọ inú àpò kan náà pẹ̀lú gééjì 12. Ó kéré, yóò yọ̀ wọlé kọjá ibi tó yẹ kó dúró, yóò há síwájú, yóò sì dà bíi pé ihò ṣófo. Ìwọ á ki gééjì 12 lé e lẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ṣe gééjì 20 ní àwọ̀ ìyeyè, kí ọwọ́ má bàa ṣì í mú.

Ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ mọ̀ yẹn, kò ní òṣùwọ̀n, kò ní ìwé, kò sì mọ irú ẹ̀tù tó wà nínú kátíríìjì rẹ. Ẹ̀tù dúdú ti ṣakabùlà àti ẹ̀tù tí kì í rú èéfín kì í ṣe ọmọ ìyá. Ẹni tó bá fi ojú wọn èyí bó ṣe ń fojú wọn ìyẹn, ìbọn rẹ ló fẹ́ bẹ́. Má gbé e fún un.

Alàgbà tó ti fẹ̀yìn tì
Ẹnu iṣẹ́ ọlọ́pàá ni mo ti fẹ̀yìn tì, Ẹ̀pẹ́ ni mo sì wà. Ará Ìlárá ti sọ̀rọ̀ dáadáa, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má ṣe ka ohun tó ń ṣe ní Texas kó wá ṣe é ní Ẹ̀pẹ́. Òfin Ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 ló ń darí wa níbí. Ó pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tó jẹ́ èèwọ̀, èyí tí aládàáni lè gba ìwé àṣẹ fún, bí irú ìbọn ẹlẹ́nu méjì yìí, àti èyí tí a ń ki láti ẹnu, bíi ṣakabùlà. Ṣakabùlà pàápàá nílò ìwé àṣẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kò nílò rẹ̀. Òfin yẹn kò fún aládàáni láyè láti máa ṣe ọta nílé. Ìwé àṣẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ kò bo ọta tí ẹnìkan dì fún ọ ní ẹ̀yìnkùlé, bí wọ́n bá sì ká a mọ́ ọ lọ́wọ́, ìwọ àti ẹni tó dì í ni yóò jọ rojọ́.

Àwọn mẹ́rin tí kò dún yẹn, má fi ọ̀bẹ tú wọn. Má jù wọ́n sínú iná tàbí sórí ààtàn tí ọmọdé ti ń ṣa nǹkan, má sì jù wọ́n sínú ọ̀sà. Yà wọ́n sọ́tọ̀, kí o kó wọn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tó mọ̀ nípa ìwé àṣẹ rẹ. Mú ìwé náà dání.

Tíṣà Àgbà
Ẹ jẹ́ kí n fi kiní kan kún un, nítorí ọ̀yà tó wọgbó yẹn. Láyé ìbọn olókùúta, iná máa ń kọ́kọ́ bù yẹ̀rì lórí àwo kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn kí ọta tó jáde, ẹyẹ á rí i, á sì ti fò. Àlùfáà kan ní Scotland, Alexander John Forsyth, tó fẹ́ràn ọdẹ ẹyẹ, ni ọ̀ràn yìí dùn débi pé ó wá oògùn tí ń gbiná bí wọ́n bá ti gbá a, ó sì gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1807. Inú iṣẹ́ tirẹ̀ ni práímà ti ṣẹ̀. Nítorí ẹran tó sá lọ ni gbogbo rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀.

Àgbẹ̀ Ẹ̀jìnrìn
Ẹ káàárọ̀ o. Mo ti wò ó.

Ọ̀gá Àtúnṣe, ọwọ́ yín ba ibẹ̀. Mo jókòó, mo ronú gbogbo ìgbà tó kọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnu ọ̀tún ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹnu òsì kò kọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo wá kó ìkarahun jọ. Àwọn ọmọ ti kó méjì lọ fi ṣeré, ó ku mẹ́rin. Àwọn tó ti ẹnu òsì jáde, ojú abẹ́rẹ́ jìn, ó rí kólókóló. Àwọn mẹ́rin tó kọ̀, ojú abẹ́rẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ gan-an, mo ní láti gbé e sí ìmọ́lẹ̀ kí n tó rí i. Ọ̀kan ṣoṣo tó dún lẹ́nu ọ̀tún, tirẹ̀ náà kò jìn tó ti òsì.

Ọ̀gá Àtúnṣe
Ọta rẹ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Kí lo fi ń nù ún?

Àgbẹ̀ Ẹ̀jìnrìn
Ọ̀gá, n kò ní purọ́ fún yín. Epo ìbọn tán lọ́wọ́ mi lóṣù kẹrin. Òróró ẹ̀pà ni mo ń fi pa á.

Ọ̀gá Àtúnṣe
A ti rí i. Òróró tí a fi ń dín àkàrà kì í ṣe epo irin. Bó bá pẹ́ lára irin, á di bí oje igi, á lẹ̀. Ó ti lẹ̀ mọ́ abẹ́rẹ́ nínú ihò rẹ̀, òòlù ń gbá abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ sì ń wọ́ bọ̀ bí ẹni tó ń rìn nínú ẹrẹ̀. Fi òtútù ọ̀sà kún un, ìpata á ti wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìbọn tí wọ́n ń gbé wá bá mi lásìkò òjò, ohun kan náà ni. Sípíríǹgì náà lè ti rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ ìyẹn láìtú u.

Má tú u fúnra rẹ. Má da kẹrosíìnì sí i láti ẹ̀yìn. Gbé e lọ bá ẹni tó ní ìwé àṣẹ àtúnṣe, kí ìbọn wà ní ṣíṣẹ́, kí ọta wà lọ́tọ̀, kí ìwé rẹ wà lápò.

Ọmọ Ìta Ọ̀pọ̀
Ẹ̀yin àgbà, mo gba ẹ̀kọ́ tèmi. Ṣùgbọ́n ibo gan-an ni ká máa kó ọta sí lásìkò òjò? Ilé tó wà létí omi ni tiwa.

Ará Ìlárá tó wà ní Houston
Agolo onírin tó ní rọ́bà lẹ́nu, tó ń dé gbọingbọin. Fi àwọn àpò kékeré funfun tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun sínú rẹ̀, àwọn tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí ẹ má jẹ ẹ́. Wọ́n ń fa omi inú afẹ́fẹ́. Má gbé agolo náà sórí sìmẹ́ńtì lásán, gbé e sókè díẹ̀, kó sì jìnnà sí ààrò. Kọ oṣù tí o rà á sí ara páálí, èyí tó pẹ́ ni kí o kọ́kọ́ yìn. Èyí tó bá ti wú, tí kò wọ ihò wẹ́rẹ́, tàbí tí ìpata ti yí ìdí rẹ̀ ká, má fipá tì í wọlé. Yọ ọ́ sọ́tọ̀.

Bàbá Ọdẹ Òkè Balógun
Kí ẹ sì fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Ọmọ wà nílé.

Àgbẹ̀ Ẹ̀jìnrìn
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní kí n wá jábọ̀.

Mo gbé e lọ. Ẹni tó tú u pè mí wá wò ó: abẹ́rẹ́ ọ̀tún ti pọ́n bí oyin, òróró gbígbẹ yí i ká, ìpata sì ti jẹ ẹ̀gbẹ́ ihò rẹ̀. Ti òsì mọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó yọ sípíríǹgì méjèèjì, ó gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ti ọ̀tún ti kúrú ju ti òsì lọ. Ó fọ gbogbo rẹ̀, ó pààrọ̀ sípíríǹgì yẹn, ó sì fún mi ní epo tó tọ́ nínú ìgò kékeré, ó ní ẹ̀kán kan ti tó, kí n nù ún gbẹ lẹ́yìn náà.

Ọta 15 ló kù nínú páálí yẹn. Mo yẹ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó wú, kò sí èyí tó dógùn-ún. Mo gbé e dé oko lọ́sàn-án, mo kọjú sí ebè ńlá kan tí kò sí nǹkan lẹ́yìn rẹ̀, mo yin 10: márùn-ún lọ́tùn-ún, márùn-ún lósì. Gbogbo rẹ̀ dún. Mo wo ìdí wọn, ojú abẹ́rẹ́ ọ̀tún àti ti òsì ti dọ́gba. Ọta kan náà tí mo fẹ́ gbé fún ẹni tí yóò tú u ni o.

Mo kó àwọn mẹ́rin tó kọ̀ lọ sí àgọ́ bí alàgbà ti wí. Wọ́n gbà wọ́n lọ́wọ́ mi, wọ́n wo ìwé mi, wọ́n ní kí n máa lọ. Agolo onírọ́bà ti wà nílé, ó ti wà ní títì pa.

Ìyá Ẹlẹ́ran, ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n ọkọ yín. Lóru àná, mo jókòó sẹ́bàá àgbàdo, mo ń ka ookan dé ọgọ́ta sínú, kó lè mọ́ mi lára.

Ìyá Ẹlẹ́ran Ọjà Olúwo
Mo ka ọ̀rọ̀ rẹ fún un. Ó ní kí o kà á sókè.